Àdírẹ́sì ẹ̀rọ lórí wáyà RS-485

Wáyà méjì péré, A àti B, ni gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí RS-485, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà, jọ ń lò. Mítà iná lè wà níbẹ̀, ìnfátà lè wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbóná náà lè wà níbẹ̀, kí wáyà ọ̀hún sì gùn tó mítà 1,200 bí ọ̀rọ̀ kò bá yára jù lórí rẹ̀. Ohun tí ọ̀kan bá sọ, gbogbo wọn ló ń gbọ́. Nítorí náà ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí a ó fi máa pè é.

Èdè tó wọ́pọ̀ jù lórí wáyà yìí ni Modbus, tí ilé-iṣẹ́ Modicon ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1979. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ọ̀gá níbẹ̀. Òun ló ń béèrè. Àwọn yòókù á dákẹ́ títí a ó fi pè wọ́n. Àdírẹ́sì ló ń ṣáájú nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 247, ẹni tó bá sì ni ín ló ń dáhùn. Ìkéde ni 0 wà fún: gbogbo wọn á gbọ́, ẹnì kankan kò ní fèsì. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò nílò àdírẹ́sì.

Ibi tí wàhálà ti ń wá ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń ti ilé-iṣẹ́ jáde pẹ̀lú àdírẹ́sì 1. Ẹ so mítà tuntun méjì pọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì á fèsì lẹ́ẹ̀kan náà, èsì wọn á dàrú mọ́ra, ọ̀gá á sì dà á nù. Nígbà mìíràn, èsì ọ̀kan á ráyè kọjá, èyí ló burú jù, torí ẹ óò rí nọ́ńbà tó dà bí òótọ́ láìmọ mítà tó sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ wáyà tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n ti tú kúrò lára ògiri nítorí èyí.

Ọ̀nà àbáyọ nìyí: ẹ so ẹ̀rọ kan ṣoṣo mọ́ ọ̀gá, ẹ yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà, ẹ pa á, ẹ tún tàn án, torí òmíràn kì í gba nọ́ńbà tuntun àfi bó bá tún tàn. Ẹ pè é wò. Bó bá dáhùn, ẹ kọ nọ́ńbà náà sí ara rẹ̀ kí ẹ tó mú òmíràn.

Ẹ̀rọ tó ní DIP switch, súwíìṣì kéékèèké tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ń fẹ́ ìṣirò díẹ̀. Iye wọn ni 1, 2, 4, 8, 16, bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. Tí ẹ bá fẹ́ 21, ẹ tan 16, 4 àti 1. Ẹ wo ìwé ẹ̀rọ kí ẹ lè mọ ọwọ́ tí 1 wà.

Bí àdírẹ́sì bá pé tí ẹ̀rọ kò sì fọhùn, ẹ wò ó bóyá ìyára ọ̀rọ̀ wọn, bíi bíìtì 9600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bára mu pẹ̀lú ti ọ̀gá, àti bóyá A àti B kò gba ipò ara wọn.

Èmi kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ kankan dúró sórí 1. Láti 10 ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, kí èyí tí wọ́n bá gbé wá lọ́la láti inú páálí má baà kọlu ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́.