Hard disk tí ẹ kò yọ rí kò lè gba àkọsílẹ̀ yín là

Ọ̀kun o, ẹ̀yin oníṣòwò Kàbà, Ìjùmú, Yàgbà àti Búnú. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ra kájú àti àwọn oníkẹ́mísì wa: "Kò séwu, mo ti da gbogbo àkọsílẹ̀ mi sínú hard disk." Tí mo bá bi wọ́n pé ibo ni hard disk náà wà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí à ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti fi tọ́jú fáìlì, wọ́n á nawọ́ sí i lára kọ̀ǹpútà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó mọ́ ọn, wọn ò yọ ọ́ mọ́.

Ohun tó bá bá kọ̀ǹpútà náà máa bá hard disk yẹn. Olè tó gbé ọ̀kan á gbé èkejì. Fáírọ́ọ̀sì tí àwọn ọ̀daràn fi ń ti fáìlì pa kí wọ́n lè gbowó kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá báńkì ni tàbí ṣọ́ọ̀bù kékeré. Ohun tó bá so mọ́ kọ̀ǹpútà lásìkò yẹn ló ń bá lọ.

Ní June 27, 2017, fáírọ́ọ̀sì NotPetya kọlu Maersk, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Denmark. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí gbogbo kọ̀ǹpútà wọn fi ń dá òṣìṣẹ́ mọ̀, káàkiri ayé, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀dà náà ló so kọ́ra. Gbogbo wọn parẹ́, àfi èyí tó wà ní Gánà, torí pé iná ti lọ níbẹ̀ kí wàhálà tó dé, kò sì so mọ́ àwọn yòókù lásìkò yẹn! Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ò lágbára tó láti fi í ránṣẹ́, ni òṣìṣẹ́ kan bá gbé hard disk wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, ó fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, onítọ̀hún gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà 45,000 ni wọ́n tún tò látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tó gbẹ́kẹ̀ lé Google Drive nìkan, ìyẹn ibi ìpamọ́ fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí ẹ bá pa rẹ́ nínú rẹ̀ lórí fóònù á kúrò nínú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré ló ń lò nínú ààtàn rẹ̀.

Ẹ ra hard disk méjì. Ní alẹ́ Sátidé, ẹ da orúkọ àwọn àgbẹ̀ tó ti gbowó sílẹ̀ àti iye kílò tí wọ́n jẹ yín sínú ọ̀kan, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e lọ sílé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ lo èkejì. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, kí ẹ ṣí fáìlì kan, kí ẹ kà á tán.