Ta ló ń ṣọ́ dókítà? Ìtàn bí oníṣègùn òyìnbó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara wọn lẹ́jọ́

Láti Ọ̀gólóńtò títí dé Sábó, àti láti ibẹ̀ wọ Ìmọ̀tà, ọsibítù aládàáni pọ̀ ní Ìkòròdú wa yìí. Ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun, tó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró àyà kọ́rùn, dókítà la ó pè é, a ó sì máa ro ẹjọ́ àìsàn wa fún un. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ dókítà kan máa ń wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, nínú férémù onígíláàsì, èyí tí ọ̀pọ̀ wa kì í wò. Nítorí aláìsàn ni wọ́n ṣe dá irú ìwé yẹn sílẹ̀, kì í ṣe nítorí dókítà. Ó dùn mí pé àwa tí wọ́n tìtorí wa ṣe é la ò mọ ìtàn rẹ̀.

Kí ìṣègùn òyìnbó tó dé, àwọn oníṣègùn wa náà ń ṣọ́ ara wọn. Ọmọ iṣẹ́ a máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún gbọọrọ, a máa já ewé, a máa wa egbò, a máa gún àgúnmu, títí ọkàn ọ̀gá yóò fi balẹ̀ láti tú u sílẹ̀. Ifá kìlọ̀ fún babaláwo pé kó má ṣe sọ ohun tí kò mọ̀ fún ẹni tó wá bá a. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dá ìgbìmọ̀ ìṣègùn ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní 1980, ṣùgbọ́n ìṣọ́ra yẹn ti wà kó tó di pé ìjọba dá sí i.

Ní ti àwọn òyìnbó, ìbúra ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Orúkọ Hippocrates ará erékùṣù Kos ní ilẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n fi ń pe ìbúra náà, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì: dókítà ò gbọdọ̀ fún ènìyàn ní májèlé, kò sì gbọdọ̀ tú àṣírí aláìsàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú ẹni tó bá da ìbúra? Kò sí. Nígbà tí àwọn dókítà ọsibítù Manchester bára wọn jà, Thomas Percival kọ ìlànà ìwà fún wọn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1803. Ìlànà lásán nìyẹn náà ṣì jẹ́, kò ní ẹgba lọ́wọ́.

Ọdún 1858 ni nǹkan yí padà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní ìwé dókítà lé ní mẹ́wàá, olúkúlùkù pẹ̀lú ìlànà tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń tọ́jú aláìsàn láìní ìwé kankan. Ilé aṣòfin wọn wá ṣe òfin kan. Ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà sọ ìdí rẹ̀: ó yẹ kí ẹni tó ń wá ìtọ́jú lè dá ẹni tó kọ́ṣẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò kọ́ ọ. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn gidigidi, nítorí aláìsàn ló fi ṣáájú. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti kọ orúkọ gbogbo dókítà sínú ìwé kan ṣoṣo, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ jáde fún aráyé, kí wọ́n sì lè pa orúkọ ẹni tó bá hùwà àbùkù rẹ́.

Àwọn dókítà fúnra wọn ni wọ́n fi ṣe adájọ́. Mo rí ọgbọ́n ibẹ̀: ta ni yóò mọ̀ bóyá àìmọ̀ọ́ṣe ló ba iṣẹ́ abẹ kan jẹ́, bí kò ṣe ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ewu rẹ̀ náà hàn, torí oníṣẹ́ máa ń bo oníṣẹ́ láṣìírí. Ó di ọdún 1926 kí ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe dókítà tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn.

Àbójútó yìí ni àwọn ọmọ Yorùbá bíi Obadiah Johnson, John Randle àti Oguntola Sapara bá lọ́hùn-ún, tí wọ́n fi gbàwé tí wọ́n sì padà sí Èkó. Ìwé kan náà ni àwọn àti òyìnbó jọ ní. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba amúnisìn dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìjọba ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní 1902, wọ́n ní aláwọ̀ dúdú ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ìwà ìrẹ́jẹ pátápátá nìyẹn.

Lẹ́yìn tí ayé rí ohun tí àwọn dókítà Jámánì fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣe nígbà ogun, ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé kọ ìbúra tuntun ní Geneva ní 1948.

Nàìjíríà dá ìgbìmọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú òfin 1963. Òfin 1988 ló sọ ọ́ di MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà àti oníṣègùn eyín, tí a mọ̀ lónìí. Ó ní ilé ẹjọ́ tirẹ̀, tó lè kìlọ̀ fún dókítà, tó lè dá a dúró fún oṣù tí kò ju mẹ́fà lọ, tàbí kó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ilé ẹjọ́ yẹn náà ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Nínú ẹjọ́ dókítà Denloye ní 1968, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé ìdájọ́ ilé ẹjọ́ àwọn dókítà: wọn ò jẹ́ kí dókítà náà rí ẹ̀rí tí wọ́n kó jọ lé e lórí, ẹ̀sùn tó sì jẹ́ ọ̀ràn dídá, ilé ẹjọ́ ìjọba ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ní 2001 ẹ̀wẹ̀, nínú ẹjọ́ dókítà Okonkwo, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a láre lórí bí kò ṣe fi tipá fa ẹ̀jẹ̀ sára aláìsàn tó ní ẹ̀sìn òun kò gbà á. Ohun kan ṣì ń kọ mí lóminú: alága MDCN náà ni alága ilé ẹjọ́ yìí. Bí ìjọba bá tú ìgbìmọ̀ ká tí kò tètè yan òmíràn, ẹjọ́ á kàn dúró ni, ẹni tó mú ẹ̀sùn wá á sì máa retí.

Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ìwé méjì ló yẹ kó wà lára ògiri. HEFAMAA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó, ló ń fún ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ láṣẹ. Ìwé MDCN wà fún dókítà gan-an, ọdọọdún ló sì gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́ di tuntun. Bí ẹ bá ní ẹ̀sùn sí dókítà tó forúkọ sílẹ̀, ẹ kọ̀wé sí akọ̀wé àgbà MDCN, kí ẹ sì fi ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ tì í. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé wọn rárá, MDCN ò ní orúkọ kankan láti pa rẹ́. Teṣọ́n ọlọ́pàá ni kí ẹ gbé ẹjọ́ tirẹ̀ lọ.