Ẹ má já tíṣà tuntun jù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé báyìí, fóònù mi kì í sinmi. Àwọn oníléèwé àti àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló ń pè, ohun kan náà ni wọ́n sì ń wá. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tíṣà mẹ́rin, ẹ bá wa wá ṣe sẹ́minà ọjọ́ kan fún wọn." Mo máa ń bi wọ́n pé bí ọjọ́ kan yẹn bá kọjá ńkọ́? Wọ́n á ní, "Wọ́n á máa kọ́ àwọn ọmọ lọ nìyẹn." Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan tó ni ilé ẹ̀kọ́ aládàáni sọ fún mi pé àwọn ti kọ́kọ́ sanwó fún ẹnì kan tó wá fi wákàtí mẹ́ta sọ̀rọ̀ ìwúrí fún àwọn tíṣà, tó sì fún kálukú wọn ní sàtífíkéètì aláwọ̀ wúrà. Mo ní ṣé ẹni náà wọ kíláàsì kankan? Wọ́n ní rárá o, inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì jẹ ráìsì.

Ọ̀rọ̀ àwọn oníwàásù sàtífíkéètì yìí ti sú mi. Ẹni tí kò rí tíṣà níwájú ọmọ rí, kí ló mọ̀ tó fẹ́ tún ṣe? Owó táwọn oníléèwé ń kó fún wọn lọ́dọọdún tó owó tí wọ́n á fi tọ́ tíṣà kan dàgbà.

Ọdún 17 rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí tíṣà tuntun ní àgbà tíṣà kan tí yóò máa wọ kíláàsì rẹ̀ fún ọdún méjì gbáko, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí yunifásítì tó kọ́ ọ níṣẹ́ má sì yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀ títí ọdún méjì náà yóò fi pé. N kò ní dúró lórí nóòtù ìkọ́ni, rẹ́jísítà àti bí a ṣe ń pín àkókò. Ẹni tó bá ní NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, mọ ìwọ̀nyẹn.

Àwa gan-an ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá wí. Ọdún mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ NCE ń lò lọ́dọ̀ wa, nínú rẹ̀ ni a óò ti rán an lọ dánra wò ní ilé ẹ̀kọ́ kan, ohun tí gbogbo wa ń pè ní TP. Èmi tàbí ẹlòmíràn á mú fọ́ọ̀mù dání, a ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, a ó máa fún un ní máàkì: ohùn rẹ̀, ìwọṣọ rẹ̀, bó ṣe lo pátákó. Akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ti mọ̀ pé à ń bọ̀. Mo ti wọ kíláàsì kan rí tí gbogbo ọmọ ń nawọ́ sókè sí gbogbo ìbéèrè, tí orí mi ń wú. Àsìkò ìsinmi ni ọmọ kan tú u fún mi pé àǹtí ti kọ́ àwọn sílẹ̀: kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n na ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n na ọwọ́ òsì. Máàkì 70 ni mo ti kọ síbẹ̀.

Bí a bá ti fi máàkì sílẹ̀, àjọṣe wa parí. Ó gba ìwé ẹ̀rí, ó lọ ṣe ìdánwò TRCN, àjọ tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ tíṣà sílẹ̀, ó gba nọ́ńbà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n kó ọgọ́ta ọmọ lé e lọ́wọ́. Dókítà tó jáde yunifásítì ní ilẹ̀ yìí kan náà, ọdún kan ló máa fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà kí wọ́n tó fún un ní ìwé àṣẹ tó pé. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ìdájọ́ ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Kí ló dé tí ti tíṣà fi yàtọ̀? Ṣé nítorí pé ọmọ tí tíṣà bá ṣì kọ́ kì í kú lójú ẹsẹ̀ ni?

Ní England, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ọdún méjì ni wọ́n fi ń tọ́ tíṣà tuntun. Wọ́n á yan olùtọ́sọ́nà kan fún un. Ní ọdún kìíní, wọ́n á yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tí ìbá fi kọ́ni kúrò, ní ọdún kejì ìdá 5, kó lè ráyè kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí mo kọ́ kan tó lọ kàwé sí i lọ́hùn-ún ń kọ́ni ní Manchester báyìí, ó sì sọ fún mi lórí WhatsApp pé bí òun ṣe ń jókòó ti àgbà tíṣà òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn, wọn kì í yẹ̀ ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, yunifásítì tó wà ní Santa Cruz ní California ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ láti ọdún 1988: wọ́n yọ àwọn àgbà tíṣà kúrò ní kíláàsì tiwọn pátápátá, iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa lọ láti ọ̀dọ̀ tíṣà tuntun kan sí òmíràn.

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé òyìnbó ló lè ṣe é. Ní ọdún 1970, àwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ló ṣáájú wọn, mú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n sì bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Ford Foundation, àjọ kan láti Amẹ́ríkà, ń fowó sí i. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo ẹ̀kọ́ jálẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín wọn. Ohun tí àwọn èèyàn kì í rántí ni pé yunifásítì kò kó ìwé fún tíṣà kí wọ́n sì kọrí sílé. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n dá àwọn tíṣà lẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀, wọ́n sì ń wo ohun tó ń jáde lára àwọn ọmọ. Nílẹ̀ wa níbí ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Ní báyìí, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ibo ni kí àgbà tíṣà jókòó bó bá wọ kíláàsì? Ẹ̀yìn pátápátá ni gbogbo wa máa ń lọ, a ó máa wo tíṣà. Àṣìṣe nìyẹn. Ẹ gbé àpótí kékeré, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, ní ìlà kẹta tàbí ìkẹrin, kí ojú yín bá ìwé ọmọ dọ́gba. Ẹ má mú fọ́ọ̀mù dání. Ìwé kan àti báírò kan tó, ohun tí ọmọ bá sì sọ tàbí tó bá kọ ni kí ẹ kọ sílẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ẹ má tún un ṣe.

Pírámárì 3 ni mo wà lọ́jọ́ kan, tíṣà tuntun ń kọ́ wọn ní ìyọkúrò. Ohùn rẹ̀ já gaara, pátákó mọ́. Ká ní ẹ̀yìn ni mo wà ni, màá fún un ní máàkì tó ga. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọmọkùnrin kan ni mo jókòó sí, ìwé ìṣirò rẹ̀ sì kún fún báírò pupa. 52 yọ 38, ó kọ 26. 61 yọ 27, ó kọ 46. 43 yọ 19, ó kọ 36. Tíṣà ti kọ "Jókòó kàwé!" sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ tún un wò. Nínú 5 ó yọ 3, ó ku 2. Ó dé ibi 2 àti 8, ó rí i pé 8 ló tóbi, ló bá yọ 2 kúrò nínú 8, ó ku 6. Kò ṣì í rárá, òfin tirẹ̀ ló ń tẹ̀ lé: kékeré ni à ń yọ kúrò nínú ńlá. Ẹnì kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní Pírámárì 1, ó sì gbà á gbọ́.

Mo bi í jẹ́jẹ́ pé kí ni wọ́n ń pe 38 lédè wa. Ìyá rẹ̀ àgbà ń ta obì, ó mọ̀ ọ́n: "Éjìdínlógójì." Mo ní kí ló túmọ̀ sí? Ó ronú, ó ní, "Ó ku méjì kó pé ogójì." Mo ní láti ogójì dé éjìléláàádọ́ta ńkọ́? Ó ka ìka. "Méjìlá." Mo ní pẹ̀lú méjì tó kù lẹ́ẹ̀kan yẹn? Ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. "Mẹ́rìnlá, mà." Kò yá ẹyọ kan lọ́wọ́ nọ́ńbà kankan, kò sì kọ ohunkóhun sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lu aago tán, n kò sọ fún tíṣà pé ó ṣe dáadáa tàbí kò ṣe dáadáa. Mo gbé ìwé ọmọ náà síwájú rẹ̀, mo ní kó bá mi wá òfin tí ọmọ ń lò. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí i. Nígbà tó rí i, ó fọwọ́ bo ẹnu. Lọ́jọ́ kejì, ó tú gbogbo ìwé kíláàsì rẹ̀ wò, ó rí ọmọ mọ́kànlá tó ń ṣe bákan náà. Iṣẹ́ tíṣà nìyẹn, mo sì máa ń yangàn bí mo bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí ojú tó ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìdúróti ló ń là á. Ọdún kìíní, ara rẹ̀ nìkan ni tíṣà tuntun ń wò: ṣé ohùn mi ń jáde, ṣé hẹ́ẹ̀dímásítà ń bọ̀, ṣé wọ́n ń fi mí ṣẹlẹ́yà. Ọdún kejì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ọmọ. Ìdí tí mo fi ń pariwo ọdún méjì rèé.

Bí kò bá sí ẹni tí yóò bá a jókòó, ohun mìíràn ló máa di olùkọ́ rẹ̀. Tíṣà ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ti bi mí rí bóyá mo mọ ẹni tó lè bá òun ṣe nǹkan táwọn ọmọ á fi máa bẹ̀rù òun. Òmíràn sọ pé ọmọ kan ní kíláàsì òun kì í ṣe ojú lásán, pé ó máa ń tẹjú mọ́ òun láìsọ̀rọ̀. Àwọn òbí náà ń ra ìsọ̀yè lẹ́nu géètì bí ìdánwò bá sún mọ́. N kò bá ewé àwọn baba wa jà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọpọlọ ọmọkùnrin tí mo sọ yẹn pé. Òfin tí wọ́n fún un ló ṣì. Kò sí ọṣẹ tó ń wẹ ìyẹn dànù, èèyàn ló ń jókòó tì í.

Fún ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́: ẹ yan àgbà tíṣà tó ní sùúrù, ẹ fún òun àti ẹni tuntun ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní pè wọ́n, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì rán ẹnì kan wá lẹ́ẹ̀mejì ní sáà kọ̀ọ̀kan. Ó máa ṣe àwa náà lóore, torí nínú wa, àwọn kan wà tí wọn kò tíì dúró níwájú ọmọ ọdún mẹ́jọ láti ogún ọdún. Ẹ má sì jẹ́ kí àgbà tíṣà yìí jẹ́ ẹni tó ń kọ ìròyìn ìgbéga. Ọjọ́ tí ẹni tuntun bá ti mọ̀ pé ohun tí òun sọ ń dé ọ́fíìsì, ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì á tún bẹ̀rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà lára àwọn tí mo kọ́, òun ló gba máàkì tó ga jù ní TP ní sẹ́ẹ̀tì tiwọn. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ abúlé kan. Ní sáà àkọ́kọ́, ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sọ fún un pé kó ṣe sùúrù, Ọlọ́run á ràn án lọ́wọ́, torí pé fáìlì rẹ̀ ti kúrò lórí tábìlì mi, àwọn tó tún ń bọ̀ ni mò ń wò. Lọ́dún kejì, mo mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ TP lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Ìró pàṣán ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí i. Àyọkà gígùn wà lójú pátákó, àwọn ọmọ ń dà á kọ, ọmọbìnrin kékeré kan sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti wú. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó rí mi, ó gbé pàṣán sórí tábìlì, kò kí mi. Ohun tó sọ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ: "Mà, mo pè yín." Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà.

Mo ti dá màmá oníléèwé yẹn lóhùn. N kò ní wá ṣe sẹ́minà. Wọ́n ti gbà kí n máa wá ní ọ̀sán Ọjọ́rú fún ọdún méjì, àgbà tíṣà kan sì ti wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ bá ṣiṣẹ́. Mo fún àwọn tíṣà tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní nọ́ńbà mi. Ọ̀kan nínú wọn pè mí lálẹ́ àná, mo sì gbé e.