Bí ìtọ́jú ṣe ń bá ẹni tó jáde nílé ìtọ́jú oògùn olóró délé ní Ìkòròdú

Ní gbogbo oṣù tí èèyàn fi wà nílé ìtọ́jú, kò rí paraga, owó kì í sí lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ ò sì ríbi pè é. Ọjọ́ tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní gáréèjì Ìkòròdú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dúró dè é. Nítorí náà, kó tó jáde ló ti yẹ kí wọ́n kọ ọjọ́ ìpàdé àkọ́kọ́ pẹ̀lú olùdámọ̀ràn fún un, kó má sì kọjá ọ̀sẹ̀ kan.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló léwu jù. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń pè é wá sí ìpàdé. Bó bá ń dúró dáadáa, wọ́n á dín in kù díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ọ̀nà jíjìn máa ń ba ètò yìí jẹ́. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá mọ ohun tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 lè ṣe. Kó bèèrè tààrà bóyá wọ́n lè fi fóònù ṣe díẹ̀ nínú ìpàdé náà. NDLEA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti oògùn olóró, náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ fún irú ìrànlọ́wọ́ yìí: 080010203040.

Níbi ìpàdé, wọn kì í wàásù. Olùdámọ̀ràn á ní kó ka ọ̀sẹ̀ tó kọjá sílẹ̀: ibo ló gbà, ta ló pàdé, ìgbà wo lọkàn ẹ̀ fà sí i? Ebi, ìbínú, àdánìkanwà àti àárẹ̀ ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀, ọjọ́ owó oṣù náà sì ń bẹ níbẹ̀. Ìfẹ́ oògùn máa ń ru bí ìgbì ọ̀sà ni. Bí a kò bá bọ́ ọ, ó sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kó jẹun, kó wẹ̀, kó kúrò níbi tó wà, kó pe ẹni tí wọ́n ti jọ ṣàdéhùn.

Àyẹ̀wò ìtọ̀ wúlò, àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Igbó lè hàn lára ẹni tó ń mu ún gan-an fún ọgbọ̀n ọjọ́, ṣùgbọ́n Colorado, ìyẹn igbó àtọwọ́dá, kì í hàn lórí àyẹ̀wò igbó lásán, Tramadol sì nílò àyẹ̀wò tiẹ̀. Tí ẹbí bá sọ ọ́ di iṣẹ́ ọlọ́pàá, ìtọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n máa rí gbà.

Oògùn tún wà tí dókítà lè kọ. Naltrexone, tó ń dènà agbára oògùn bíi Tramadol nínú ara, 50 mg lójúmọ́, kò ṣeé bẹ̀rẹ̀ àfi tí ara bá ti mọ́ kúrò nínú Tramadol tàbí codeine fún ọjọ́ 7 sí 10. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àìsàn burúkú ló máa dá sílẹ̀. Disulfiram, oògùn fún ẹni tó ń jáwọ́ nínú ọtí, kò bá ọtí lò rárá, ó sì lè bá a jà títí di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí a bá dá a dúró. Agbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí ọtí!

Bó bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó tún lò ó, kó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. "Mo kúkú ti bà á jẹ́" ló ń sọ ẹyọ kan di páálí kan. Ara tó ti sinmi kò lè gba iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́; iye àtijọ́ yẹn lè pa á. Tí kò bá ṣeé jí, tí ètè ń dúdú, tí èémí ń falẹ̀, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹni tó ti padà sí ọtí lójoojúmọ́ ní tiẹ̀, kó má dá a dúró lójijì nílé. Gìrì lè mú un, kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà.