Ẹni Kejì Ni Olùdíje Aládàádúró Gbọ́dọ̀ Kọ́kọ́ Borí

Bí ìdìbò gómìnà bá ti ń kanlẹ̀kùn ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn wa tó wà ní Houston àti láwọn ìlú mìíràn níbẹ̀ máa ń bi mí: olùdíje yìí tí kò sí nínú Republican, tí kò sí nínú Democrat, tó dá dúró fúnra rẹ̀, ṣé ó tilẹ̀ lè wọlé? Iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ àbájáde ìbò wò, kí n sì máa gba àwọn tó ń polongo ìbò nímọ̀ràn, torí náà n kò ní fepo bọyọ̀. Ó lè wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé yóò gbà wọlé kọ́ ló ń gbà. Wọ́n rò pé gómìnà tó wà lórí àlééfà ni aládàádúró ń bá du ipò. Ẹni tó wà ní ipò kejì gan-an ló ń bá du ú. Bí kò bá rí ẹni yẹn tì sẹ́yìn kí ọjọ́ ìdìbò tó pé, bí ìbò rẹ̀ ti wù kó pọ̀ tó, ẹni tó wà níwájú ló ń ṣe lóore.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Texas lọ́dún 2006. Rick Perry ti ẹgbẹ́ Republican ló wà lórí oyè, Chris Bell ni Democrat fà kalẹ̀. Aládàádúró méjì wá jáde pọ̀, ohun tí ojú kì í sábà rí. Ọ̀kan ni Carole Keeton Strayhorn, tó ń ṣọ́ àpò ìṣúná ìpínlẹ̀ náà nígbà yẹn, Republican ló sì jẹ́ kó tó kúrò láàárín wọn. Èkejì ni Kinky Friedman, olórin àti òǹkọ̀wé tí gbogbo Texas mọ fìlà rẹ̀ àti sìgá ńlá ẹnu rẹ̀.

Kí orúkọ aládàádúró tó lè dé orí ìwé ìdìbò níbẹ̀, òfin ní kó lọ gba ìbuwọ́lù tó tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìbò tí wọ́n dì fún ipò gómìnà nígbà tó kọjá. Lọ́dún náà, 45,540 ni. Èyí tó nira jù ṣì ń bọ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìbuwọ́lù títí ìdìbò abẹ́lé àwọn ẹgbẹ́ fi parí, nǹkan bí oṣù méjì péré ni wọ́n sì ní lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dìbò abẹ́lé lọ́dún náà kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti buwọ́ lù ú. Ẹ rò ó wò. Àwọn tí òṣèlú wà lẹ́jẹ̀ wọn, tí òjò ò lè dá dúró kí wọ́n má jáde dìbò, àwọn gan-an ni òfin ti gbà kúrò lọ́wọ́ aládàádúró látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ìdìbò kì í sábà ká lára ló kù fún un. Strayhorn àti Friedman ṣe é yọrí, kódà iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kó wá ju ìlọ́po méjì ohun tí òfin béèrè lọ. Síbẹ̀, oṣù méjì tí olùdíje ẹgbẹ́ fi ń kó owó ìpolongo jọ ni wọ́n fi dúró sẹ́nu ọ̀nà ọjà tí wọ́n ń tọrọ ìbuwọ́lù.

Wọ́n tún bá ọ̀rọ̀ orúkọ wọ̀yá ìjà. Ìjọba gbà kí ìnagijẹ Friedman, ìyẹn Kinky, wà lórí ìwé ìdìbò. Strayhorn náà fẹ́ kí wọ́n kọ "Grandma" mọ́ tirẹ̀, torí ìyá àgbà tí kì í gba ìgbàkugbà ló fi ń polongo ara rẹ̀. Wọ́n kọ̀ fún un. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ ni. Mo gbà pé kì í ṣe yẹpẹrẹ rárá: olùdíje ẹgbẹ́ ní àmì tí ojú ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́, aládàádúró kò ní ju orúkọ rẹ̀ lọ.

Ohun tó ṣe wọ́n lọ́ṣẹ́ jù lọ wà lókè ìwé ìdìbò náà. Ní Texas nígbà yẹn, ènìyàn lè tẹ ibì kan ṣoṣo láti fi dìbò fún gbogbo olùdíje ẹgbẹ́ kan, látorí gómìnà dórí adájọ́ ìbílẹ̀. Ẹni tó bá tẹ Republican ti dìbò fún Perry nìyẹn, kódà bí kò rántí orúkọ rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ aládàádúró bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ Strayhorn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ wá orúkọ rẹ̀ kàn, kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀. Ọdún 2020 ni Texas tó bọ́ nínú ìlànà yìí pátápátá.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Perry ní ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún, Bell ní 29.8, Strayhorn ní 18.1, Friedman ní 12.4. Nínú ẹni mẹ́wàá tó dìbò, mẹ́fà kò yan Perry, Perry náà ló sì wọlé, torí pé ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ni wọ́n ń mú ní Texas, bó tó ìdajì bí kò tó. Kò sí àtúndì láàárín ẹni kìíní àti ẹni kejì. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò dáadáa nìyí: ẹ ro ìbò Strayhorn pọ̀ mọ́ ti Friedman, 30.5 ni. Àwọn aládàádúró méjèèjì lápapọ̀ ṣíwájú Democrat. Ká ní ẹnì kan nínú wọn ti gbà fún ẹnì kejì kí oṣù kẹsàn-án tó parí, Bell ni ì bá wà ní ipò kẹta, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ni wọn ì bá sì máa bi ara wọn pé kí ni ká ti ṣe é. N kò sọ pé Perry ì bá fìdí rẹmi o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìjà náà ì bá jẹ́ ìjà. Perry tún wọlé lọ́dún 2010, ó sì wà nípò títí di oṣù kìíní ọdún 2015. Sam Houston lọ́dún 1859 ni aládàádúró tó wọlé gómìnà kẹ́yìn ní Texas.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń lọ lọ́kàn olùdìbò. Obìnrin kan fẹ́ràn aládàádúró, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù ni kí gómìnà kúrò. Títí di oṣù kẹjọ, aládàádúró ló máa dárúkọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi í. Bó bá di ọ̀sẹ̀ méjì síjọ́ ìdìbò, ó máa ń ro ó pé ta ló lágbára láti yọ ọkùnrin yìí? Bó bá rí i pé olùdíje ẹgbẹ́ kejì ló sún mọ́ ọn jù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa lọ, bí ọkàn rẹ̀ ò tilẹ̀ fà sí i. Torí èyí ni ìbò aládàádúró fi ń yọ́ bí òrí tó kan oòrùn. Ní New Jersey lọ́dún 2009, ìwádìí èrò aráàlú kan nínú oṣù kẹwàá fún Chris Daggett, tó dá dúró, ní ìdá 20. Nígbà tí ìdìbò wáyé lọ́sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, 5.8 ló ní. Wọn kò kórìíra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn, wọ́n kàn rí i pé Jon Corzine, gómìnà Democrat, àti Chris Christie ti Republican nìkan ló ń du ú ni.

Owó náà kì í gbà wọ́n lọ́wọ́ èyí. Betsy Johnson dá dúró fún ipò gómìnà Oregon lọ́dún 2022, Phil Knight, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Nike sílẹ̀, sì fi owó ńlá tì í lẹ́yìn. Bó ṣe di oṣù kẹwàá, Knight náà nawọ́ owó sí olùdíje Republican. Ìbò Johnson kò tó ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ aládàádúró kan dé, ẹ wo ọwọ́ àwọn olówó rẹ̀, wọ́n máa ń tètè gbọ́ ju olùdìbò lọ.

Àwọn tó wọlé ńkọ́? Maine ni ilé wọn. James Longley wọlé níbẹ̀ lọ́dún 1974, Angus King wọlé lọ́dún 1994. Ìdá 35.4 ni King fi wọlé, gómìnà àtijọ́ kan, Joseph Brennan, ní 33.8, Susan Collins tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí gẹ́gẹ́ bíi sẹ́nétọ̀ sì ní 23. Ìbò fọ́ sí wẹ́wẹ́ débi pé ìdá 35 tó gbé ènìyàn wọlé, àwọn ará Maine sì ti rí King lórí tẹlifíṣọ̀n wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi ara wọn pé ọmọ ta ni. Lọ́dún 2010 ní Maine yìí kan náà, Eliot Cutler, aládàádúró mìíràn, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe irú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni ìbò àwọn Democrat ń ya bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó lé olùdíje wọn sí ipò kẹta, ìdá 35.9 ló ní. Paul LePage ti Republican fi 37.6 wọlé, nǹkan bí 10,000 ìbò ló wà láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi ìbò wọn ránṣẹ́ ṣáájú, nígbà tí ó ṣì dà bíi pé Democrat ló wà ní ipò kejì. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí tí mo bá rántí rẹ̀, torí pé Cutler borí ẹni tó yẹ kó borí, ó kàn pẹ́ ni. Nígbà tó padà wá lọ́dún 2014, 8.4 ló rí mú.

Alaska ló fi hàn bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é. Bill Walker ti bá gómìnà Sean Parnell du tíkẹ́ẹ̀tì Republican lọ́dún 2010, kò rí i gbà. Lọ́dún 2014 ó dá dúró. Byron Mallott ti wọlé ìdìbò abẹ́lé Democrat, èyí sì túmọ̀ sí pé ìbò àwọn tó fẹ́ kí Parnell kúrò yóò pín sí méjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, àwọn méjèèjì jókòó sọ̀rọ̀, Mallott fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, ó di igbákejì fún Walker, ẹgbẹ́ Democrat sì fọwọ́ sí i. Walker wọlé pẹ̀lú 48.1 sí 45.9, ìbò bí 6,000 ló fi ju Parnell lọ. Ẹ kíyè sí oṣù tí wọ́n ṣe é. Oṣù kẹsàn-án ni, kò tíì sí ìwé ìdìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 2018, Walker fúnra rẹ̀ ló juwọ́ sílẹ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá ló tó ṣe é. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé ìdìbò, àwọn kan ṣì dìbò fún un, Republican sì gba ìjọba padà.

Rhode Island lọ́dún 2010 náà wà níbẹ̀. Lincoln Chafee, tó dá dúró, ti ṣe sẹ́nétọ̀ rí, bàbá rẹ̀ ti ṣe gómìnà rí, ó sì ti ti Obama lẹ́yìn lọ́dún 2008. Nígbà tí ìdìbò dé, Obama kọ̀ láti ti Frank Caprio, olùdíje ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an, lẹ́yìn. Inú bí Caprio, ó sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí ààrẹ lórí rédíò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan síjọ́ ìdìbò. Ipò kẹta ló bára rẹ̀, Chafee sì fi ìdá 36 wọlé.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ìlànà ìdìbò tuntun, èyí tí olùdìbò ti ń to àwọn olùdíje tẹ̀ léra, ẹni àkọ́kọ́, ẹni kejì, ẹni kẹta, yóò yanjú gbogbo rẹ̀. Yóò ràn wọ́n lọ́wọ́, mo gbà. Maine ń lò ó fún ìdìbò ìjọba àpapọ̀ láti 2018, ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ wọn ò jẹ́ kí wọ́n lò ó fún ìdìbò gbogboogbò ti gómìnà. Alaska lò ó fún gómìnà lọ́dún 2022, Walker tún jáde, ìdá 20 àti díẹ̀ ló ní. Gómìnà ti kọjá ìdajì láti ìkà àkọ́kọ́, wọn kò tilẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń pín ìbò ẹni kẹta.

Ní ilé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Abala 177 nínú òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ọdún 1999 sọ pé ẹni tí yóò du ipò gómìnà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ náà ló sì gbọ́dọ̀ fà á kalẹ̀. Àmì ẹgbẹ́ là ń tẹ̀ka lórí ìwé ìdìbò wa. Ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà Uwais dámọ̀ràn lọ́dún 2008 pé kí wọ́n gba aládàádúró láyè, a ṣì ń retí. Ẹni tó bá bínú kúrò nínú ẹgbẹ́ ńlá, ẹgbẹ́ kékeré ló ń sá lọ. Ní Ọ̀ṣun lọ́dún 2018, Iyiola Omisore lo àmì SDP, ó ní 128,049 ìbò, ipò kẹta ló wà. Ademola Adeleke àti Gboyega Oyetola wà lókè rẹ̀, ìbò 353 péré ló wà láàárín wọn nínú ìkà àkọ́kọ́. Kí àtúndì ìbò tó wáyé, ilé Omisore ni àwọn àgbà òṣèlú láti ẹgbẹ́ méjèèjì ń rọ́ lọ. Ó ti APC lẹ́yìn, Oyetola ló sì wọlé. Omisore kò lè borí ẹni kejì, ẹni kejì àti ẹni kìíní ló wá ń bẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, bí aládàádúró bá kan ilẹ̀kùn yín ní Texas tàbí níbikíbi tí ẹ ti ń dìbò, ẹ gbọ́ ètò rẹ̀ tán, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bi í pé: nínú àwọn olùdíje ẹgbẹ́, ta ni yóò gbà fún ọ, ìgbà wo sì ni? Bí kò bá lè dárúkọ ẹnì kan, tí ẹ sì ṣì fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má ṣe kánjú dìbò. Ìdìbò ṣáájú ní Texas máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ púpọ̀ síjọ́ ìdìbò gan-an. Ẹ dúró de ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, kẹ́ ẹ wo ìwádìí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó yàtọ̀ síra, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ó ti kọjá ẹni kejì nínú gbogbo wọn. Ìbò tí ẹ bá ti tẹ̀ sínú ẹ̀rọ kò ṣeé fà yọ mọ́.