Ibi tí èdè Lituéníà àti Látfíà ti rí orúkọ tí wọ́n ń pe ẹbí

Ọmọ ìyá ni èdè Lituéníà àti Látfíà, orílẹ̀-èdè méjì ní Yúróòpù, Baltic ni wọ́n ń pe ìdílé wọn, ó sì wà nínú agboolé Indo-European tí Látìn, Gẹ̀ẹ́sì àti Sanskrit (èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà) náà ti wá. Orúkọ ẹbí lẹ́nu wọn, òmíì jẹ́ ogún àtijọ́, òmíì wọ́n dá a fúnra wọn, òmíì sì rèé, ọwọ́ aládùúgbò ni wọ́n ti yá a.

Ẹ wo duktė, ọmọbìnrin nìyẹn ní Lituéníà. Tó bá ti di "ti ọmọbìnrin" báyìí, dukters ni wọ́n máa sọ, r tó sá pamọ́ á wá yọjú. Sesuo náà (ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò obìnrin ni o, wọn kì í bi ẹni tó dàgbà jù), á di sesers. R yẹn gan-an ló wà nídìí daughter àti sister táwọn Òyìnbó ń sọ. Brolis ní tiẹ̀, orúkọ ìkẹ́ ni tẹ́lẹ̀, broterėlis, wọ́n wá gé e kúrú títí ó fi di ohun tí wọ́n ń pè lójoojúmọ́.

Látfíà ti sọ púpọ̀ nù nínú ogún yẹn. Àwọn Jámánì ló jẹ ọ̀gá lé wọn lórí láti nǹkan bí ọdún 1200 fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ibẹ̀ ni meita (ọmọbìnrin), tante àti onkulis ti wọlé. Ibi tó dùn níbẹ̀ rèé: Lituéníà ní avynas, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá tó jẹ́ ọkùnrin, orísun kan náà ló sì pín pẹ̀lú avunculus ti Látìn, Faransé gba ti Látìn ó sọ ọ́ di oncle, Jámánì gbà á lọ́wọ́ Faransé, Látfíà wá gbà á lọ́wọ́ Jámánì, ìyẹn ni pé ohun tó ti wà nínú ẹbí wọn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún lọ yá padà. Lituéníà náà yá o, anūkas (ọmọ ọmọ), ọwọ́ àwọn Slav (ìran tí àwọn ará Rọ́ṣíà àti Poland wà nínú rẹ̀) ni wọ́n ti gbà á.

Ti àna ló wá pọ̀ jù. Láyé àtijọ́, obìnrin ló máa ń kó lọ sílé ọkọ, ó sì gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe pe gbogbo ẹni tó bá níbẹ̀: šešuras ni bàbá ọkọ, anyta ni ìyá ọkọ, dieveris ni ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọkọ tó jẹ́ ọkùnrin, moša ni ti obìnrin, jentė sì ni ìyàwó dieveris. Dieveris yẹn ní ọmọ ìyá lédè Hindi ti Íńdíà, devar, àmọ́ àbúrò ọkọ tó jẹ́ ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń fi pè níbẹ̀. Moša sì rèé, òun náà ni Látfíà ń pè ní māsa, àmọ́ lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọ ìyá ẹni tó jẹ́ obìnrin ló dà. Bàbá ìyàwó, uošvis, ọ̀tọ̀ ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lóde òní ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi pe bàbá ọkọ náà, šešuras sì ti ń di ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Anyta nìkan ni ò mì, wọ́n ṣì ń pè é dáadáa.