Bí wọ́n ṣe ń gbèjà òṣìṣẹ́ àtijọ́ nínú ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ tí wọ́n pe ọ̀gá rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká ní ilé iṣẹ́ kan ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn, kọ lẹ́tà sí àwọn oníbàárà rẹ̀ pé aṣojú kan kówó jẹ. Aṣojú náà gba ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní Ring Road lọ, ó pe ilé iṣẹ́, ó sì pe akọ̀wé tó buwọ́ lu lẹ́tà mọ́ ọn. Akọ̀wé ọ̀hún sì ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Kóòtù kò ní gba èyí. Ẹni tó ránṣẹ́ àti ẹni tó jẹ́ ẹ ni wọ́n jọ wọ gbèsè. Olùpẹjọ́ lè mú ọ̀kan, ó sì lè mú méjèèjì.

Kí akọ̀wé kọ ọjọ́ tí bélìfù, òṣìṣẹ́ kóòtù, fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé e lọ́wọ́ sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni iye ọjọ́ tó ní láti fèsì ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ní “ẹjọ́ ọ̀gá mi ni,” tó jókòó sílé, adájọ́ lè dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́yà ilé iṣẹ́ lè ní òun á bá àwọn méjèèjì rò ó. Kí akọ̀wé kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ilé iṣẹ́ fẹ́ wí. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé òun ló dá a ṣe, kí ó wá lọ́yà tirẹ̀ kíákíá.

Olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà bà á lórúkọ jẹ́, pé òun ni wọ́n ń bá wí, àti pé olùjẹ́jọ́ yìí gan-an ló mú un dé etí ẹlòmíràn. Ibi tó kẹ́yìn yìí ni òṣìṣẹ́ àtijọ́ ti sábà máa ń rí ọ̀nà. Bí lẹ́tà bá jáde lẹ́yìn tó ti lọ, tó jẹ́ pé wọ́n kàn lo orúkọ rẹ̀ tó ṣì wà lórí ìwé ni, lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ àti èsì ilé iṣẹ́ sí i lè yọ ọ́ nínú ẹjọ́. Bí òun ló buwọ́ lù ú lóòótọ́, àṣẹ ọ̀gá lórí WhatsApp kò ní wẹ̀ ẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó lè fi bèèrè pé kí ilé iṣẹ́ bá òun san owó gbà-má-bínú. Bí wọ́n bá tẹ ọ̀rọ̀ WhatsApp náà sórí ìwé láìsí ìwé ẹ̀rí tí abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 bèèrè, adájọ́ lè kọ̀ ọ́. Kí ó má sì fi password àtijọ́ wọ imeèlì ọ́fíìsì. Lọ́yà ni yóò kọ̀wé pé kí ilé iṣẹ́ mú ohun tó wà níbẹ̀ wá.

Àwíjàre pé òótọ́ lọ̀rọ̀ náà lágbára, àmọ́ ẹni tó bá gbé e kalẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn, ìwé owó ilé iṣẹ́ kò sì sí lọ́wọ́ akọ̀wé mọ́. Àwíjàre kejì ni pé ojúṣe akọ̀wé ni láti sọ ọ́, ẹni tó gbà á náà sì nídìí láti gbọ́. Èyí bo ìròyìn tó fún ọ̀gá àgbà. Kò bo èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Inú burúkú sì máa ń ba àwíjàre yìí jẹ́.

Àwọn olùpẹjọ́ kan á tún gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ní Ìyágankú lọ. Abala 32(2) Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ní wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí ọ̀ràn tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, ṣùgbọ́n ìbanilórúkọjẹ́ ṣì wà nínú òfin ìwà ọ̀daràn, nítorí náà bí wọ́n bá pe akọ̀wé, kí ó mú lọ́yà dání. Bí wọ́n bá dá a dúró, abala 35(2) Ìwé Òfin 1999 fún un láyè láti dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà sọ̀rọ̀.